Àmín tí Mo Ṣe Lójú Títì

Ojú títì ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe àkàwé ni mò ń pa. Ìyá mi ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ láti oko kan lẹ́yìn Moniya, ó ń bọ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, nígbà tí ìrọbí ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà náà ò pọ̀, èyí tó sì kọjá ò dúró. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀, ó sì gbà mí. Nígbà tí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi débẹ̀, mo ti ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà ni mò ń jẹ́ títí dòní.

Bí ìyá mi ṣe ń dàgbà sí i ni ìtàn yìí ń di ohun tó ń sọ lemọ́lemọ́. Bí mo bá lọ kí i ní Challenge, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi.

"Wò ó, ọwọ́ yìí ni mo fi gbà ọ́. Kò sí agbẹ̀bí, kò sí abẹ. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá pè mí, ìwọ ni o máa wọ inú sàréè, tí o máa na ọwọ́ gbà mí. Kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì o. Ìwọ."

Èmi á ní, "Ẹ̀yin wo ló ń lọ? Ẹ ò tíì rí nǹkan kan."

Á ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ẹni tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí lè má mọ ohun tó ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa kì í lo pósí. Àwọn tó wà lókè á gbé òkú sọ̀kalẹ̀ nínú lìkáfàní, ọmọ tó wà nínú kòtò á na ọwọ́ gbà á, á tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á kọ ojú rẹ̀ sí gábásì. Ìgbà ìkẹyìn tí ọwọ́ ọmọ máa kan ara ìyá rẹ̀ nìyẹn. A kì í sì í dá òkú dúró. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó yẹ kó ti wà nílẹ̀.

Kíláàsì ni mo wà lọ́jọ́ tí fóònù dún. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé gírámà kan ní Moniya. Àbúrò mi ló pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Mo sọ ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

Ó ní Ìyá ti kú láàárọ̀ yẹn, Àáfà sì ti ní lẹ́yìn ìrun Àílà ni wọ́n máa gbé e wọlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Mo ní, "Bá mi bẹ Àáfà, kí wọ́n jẹ́ kó di Alásàrí. O mọ ohun tí Ìyá sọ. Ẹ má gbé e wọlẹ̀ tí mi ò bá tíì dé."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. A máa dúró dè yín. Ẹ ṣáà máa bọ̀. Èmi náà ti ń múra ibi tí èèyàn máa jókòó sí. Ìyá wa kì í ṣe òkú kékeré."

Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn pamọ́ sọ́wọ́ kan.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí mi ò gun ọ̀kadà. Ọ̀kadà ló pa àbúrò tó tẹ̀ lé mi, ní ìsàlẹ̀ afárá Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé ni ìyá wa pe àwa tó kù jọ, ó ní kí a gbé ọwọ́ lé àyà òun, kí a sọ pé ọ̀kadà ò ní gbé wa mọ́ láyé. Mo sọ ọ́. Mi ò sì lè fi ọ̀kadà lọ sin ẹni tí mo sọ ọ́ fún.

Ó di garéèjì Moniya. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ máíkírà tí ó kàn láti gbé èrò, ó ṣì ku ẹnì kan kó kún. Agbèrò, ọkùnrin kan tó so tówẹ̀lì mọ́ ọrùn, ń lu òrùlé ọkọ̀, ó ń pariwo, "Ọ̀jọ́ọ̀ ẹnì kan! Ọ̀jọ́ọ̀ wọlé kó gbéra!" Mo sọ fún un pé òkú ń bẹ nílẹ̀ tí mò ń lọ bá, pé èmi á san owó àyè tó ṣófo. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Dádì, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Òfin garéèjì ni, ọkọ̀ kì í gbéra láìkún. Ẹnì kan péré ló kù. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú ọ̀nà, èèyàn ń bọ̀."

Èèyàn ò bọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ọkọ̀ mẹ́ta ló dúró lẹ́yìn èyí tí a wà nínú rẹ̀, òfo, iná wọn kú, kò sì séyìí tó lè gbéra nítorí pé kò kàn wọ́n. Ọkọ̀ kún ìlú, èèyàn kún ìlú, òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí ẹni tó ṣe é dúró láàárín àwọn méjèèjì bí ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ẹnì kan yọjú níkẹyìn, a gbéra, a dé Ọ̀jọ́ọ̀. Mo wọ ọkọ̀ Dùgbẹ̀. Ní Agbówó, àwọn kòrópe, ọkọ̀ akérò kéékèèké, dúró sí àárín títì gangan láti já èrò, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ títì ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Awakọ̀ wa yà sí ọ̀nà Bódìjà. Ọkọ̀ tírélà tó kó ẹ̀wà wá láti òkè Ọya ti fi ìdí dí ìdajì ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àwọn alábàárù ń sọ àpò kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. A rìn, a dúró. Kí a tó já sí Sẹkitéríàtì ni a gbọ́ síírénì lẹ́yìn. Ọlọ́pàá kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ṣíwájú, ó na pàṣán sí gbogbo wa, ó ní kí a kó ara wa sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ wo? Gọ́tà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọkọ̀ dúdú kọjá lọ fìrì, gíláàsì wọn dúdú, ẹni tó wà nínú wọn ò mọ̀ bóyá èèyàn ni wá tàbí ebè. Mo wo ìrù ọkọ̀ wọn bó ṣe ń lọ. Àwa tí a ń sáré lọ bá òkú dúró, kí ẹni tó ń sáré lọ bá ìpàdé lè kọjá.

Orí ìdúró yẹn náà ni a wà tí wọ́n fi pe Àílà.

Ní Dùgbẹ̀, mo rí máíkírà Challenge wọ̀ kíá, nítorí pé èmi ló kún un. Iwájú ni wọ́n fi mí sí. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú waya létí, òun àti ọkùnrin kan tó ti sùn kí a tó gbéra, àti obìnrin sísanra kan tó wọ búbá aláwọ̀ ewé. Ẹja inú yìnyín ni obìnrin yẹn ń tà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra páálí mẹ́ta ní ilé yìnyín kan ní Dùgbẹ̀, ó kó wọn sí búùtù. Awakọ̀ ò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

Ó ní, "Bàbá, ojú yín pọ́n. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Ìyá mi ló kú. Alásàrí ni wọ́n máa sin wọ́n. Èmi ni mo máa gbà wọ́n nínú sàréè."

Obìnrin ẹlẹ́ja fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Bàbá. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Dírẹ́bà, ṣé o gbọ́? Tẹ iná sí i!"

Ó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó gba Ring Road. A ń lọ geere, mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ṣeun, àfi bí a ṣe já sí ibi tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí.

Ẹni tó bá ń gba Challenge mọ ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ ọ̀nà. Wọ́n kó katakátá wá, wọ́n gbẹ́ ìdajì títì, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Òjò ti rọ̀ sínú kòtò náà, koríko ti hù lórí yẹ̀pẹ̀, ewúrẹ́ ti ń jẹ koríko náà. Láti ìgbà yẹn, inú àdúgbò ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Ọ̀nà àbùjá kan ló wà tó jáde sí Challenge, ọ̀nà náà sì gba iwájú ilé wa kọjá. Ohun tó sọ ọ̀nà ilé wa di títì ńlá nìyẹn, tí eruku ọkọ̀ ń wọ ọbẹ̀ ìyá mi láàárọ̀ lálẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Mo ti rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rí, ṣùgbọ́n èyí ò sún, kò sì fà. Àwọn kan ti gba wáńwéè, wọ́n ti pàdé àwọn tó ń bọ̀, wọ́n fi imú ko imú bí àgbò. Ẹni tó wà níwájú ò lè lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn ò jẹ́ kó padà. Oòrùn dúró sórí òrùlé ọkọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ láti búùtù wa, tó, tó, tó.

Obìnrin ẹlẹ́ja ní, "Yìnyín mi nìyẹn. Mo gbé. Ẹja mi ti ń yọ́."

Àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?"

"Ring Road. Wọ́n ti dí ọ̀nà pa."

"Háà! Ìlú yìí ti bàjẹ́! Ṣé èèyàn ò tún lè sunkún ìyá rẹ̀ ní àlàáfíà ni? Àwọn ìkà ni wọ́n. Mo ti bá Àáfà sọ̀rọ̀. Ẹ máa bọ̀, èrò ti kún ibí bí omi."

Awakọ̀ wa pa fóònù mi dé fún mi, ó fi í sí àpò mi bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó lọ sídìí igi dongoyárò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, ó fi í há abẹ́ wáípà, ó tan iná iwájú ọkọ̀. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá fi ewé síwájú, òkú ló ń bá rìn, ẹ yà fún un. Láyé ìyá mi, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀kalẹ̀, ẹni tó dé fìlà á ṣí i.

Awakọ̀ fọn fèrè, ó fa ara sí àárín. "Ẹ yà o! Òkú ń bẹ nílẹ̀ o!"

Awakọ̀ kòrópe kan tó wà lápá òsì wa yọ orí síta, ó rẹ́rìn-ín.

"Eléwé míì tún dé! Òkú dà?"

"Ìyá bàbá yìí ló kú. A ń lọ bá ìsìnkú ni."

"Lánàá náà, ìyá eléwé kan kú níbí. A yà fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀? Ìyàwó! Ìyàwó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ìyàwó, wọ́n ń mu ohun mímu, wọ́n ń juwọ́ sí wa!"

Àwọn èrò inú kòrópe bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ di imú. Òórùn ẹja tó ń yọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jàre! Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Òkú wọn ti ń rùn o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ èébú láyé yìí. Mo jẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ wa gba èébú. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, mo ronú kan ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí wọ́n fi lọ́fínńdà pa, tí ó dùbúlẹ̀ tó ń retí ọwọ́ mi, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sì ń di imú sí i. Obìnrin ẹlẹ́ja ló dá wọn lóhùn.

"Ìyá tìrẹ ló ń rùn! Ẹja mi lò ń gbọ́ òórùn rẹ̀, alákọrí! Ìyá bàbá yìí kú lóòótọ́!"

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ ẹja o, Mọ́mì!"

Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ yọ waya létí. Ó ní, "Abeg, leave the man now," ó sì tún ti waya bọ etí.

Kò yẹ kí n bínú sí awakọ̀ kòrópe yẹn jù. Ẹ wo ohun tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe. Ewé tí àwọn bàbá wa fi ń sọ òótọ́ kan ṣoṣo, a fi í parọ́ títí, kò lóhùn mọ́. Síírénì ń parọ́. Iná iwájú ọkọ̀ ń parọ́. Ọlọ́kọ̀ á so fìlà ọlọ́pàá mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, irọ́ ni. Nígbà tí òótọ́ wá gun ọkọ̀ jáde lọ́sàn-án gangan, tó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà, a ní kó lọ síbẹ̀ àwé, a ti mọ̀ ọ́n.

Omi ń kán. Obìnrin ẹlẹ́ja sọ̀kalẹ̀, ó ṣí búùtù, ó ki ọwọ́ bọ inú páálí kan, ọwọ́ rẹ̀ wọlé bí ẹni ki ọwọ́ bọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ọ.

"Ọlọ́run Ọba! Ẹni tó dí ọ̀nà yìí, èmi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń wo ohun ìní mi yìí tí mi ò lè dá a dúró, jẹ́ kí ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ lójú òun náà kọjá níṣojú rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì tó o!"

Mo ní, "Àmín."

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Awakọ̀ ṣe é tẹ̀ lé mi, ọkùnrin tó ń sùn jí, ó ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ló ròkè jù. Àwọn tó gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ni mo rò. Mo rò àwọn onísíírénì. Mo rò agbèrò Moniya pàápàá. Mo fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró mi ṣe Àmín yẹn, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ládànì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun láti mọ́sáláṣí kan lápá Challenge. Alásàrí. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ kẹ̀? Ó ṣì jìnnà díẹ̀ o."

"Ẹsẹ̀ náà ni."

"Ó dáa, ẹ máa sáré. Tí ọ̀nà bá là, màá bá yín níwájú."

Mo sáré. Ẹni ọdún mi kì í sáré lójú títì láìjẹ́ pé olè ni tàbí wèrè, nítorí náà àwọn èèyàn ń wò mí nínú ọkọ̀ wọn. Mo gba àárín kẹ̀kẹ́ máruwá, mo fo gọ́tà, bàtà mi kan wọ ẹrẹ̀, mo fà á yọ. Mo yà sí ọ̀nà àbùjá, ọ̀nà ilé wa. Ibẹ̀ le ju Ring Road lọ. Ọkọ̀ ajágbé omi kan ti gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn rìn padà, ó ti dábùú. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró dé ibi tí ojú mi ò dé. Mo bi awakọ̀ rẹ̀, tó jókòó sórí táyà tó ń jẹ ẹ̀pà, pé kí ló wà níwájú.

Ó ní, "Wọn ò ní ìtìjú ni. Wọ́n ta kánópì láti gọ́tà dé gọ́tà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ibí, kò níbi tó máa yọ sí, òun ló ti dí Ring Road náà pa."

Mo gbọ́ ọ. Orí mi ò gbà á. Mo ṣáà ń sáré, títí mo fi rí àgbá aláwọ̀ pupa tí àbúrò mi fi ń gba omi òjò. Ó dúró sáàárín títì, wọ́n fi igi dábùú rẹ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ igi náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bẹ́ǹṣì, lẹ́yìn bẹ́ǹṣì ni kánópì, mẹ́ta, funfun àti ewé, tí wọ́n kan irin ẹsẹ̀ wọn mọ́ ọ̀dà títì. Abẹ́ wọn, níbi òjìji tútù, ni àwọn ẹbí mi jókòó sí. Àwọn ará Ṣẹpẹ́tẹ́rí wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ ará ìlú ìyá wa. Àwọn ará mọ́sáláṣí wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń pín omi.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Àbúrò mi jáde láti ẹnu géètì. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó rí mi, ojú rẹ̀ bà jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Àáfà ò gbà mọ́. Wọ́n ní tí ìrun bá ti parí, kò sí ohun tí a tún ń dúró dè. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni a da yẹ̀pẹ̀ tán."

"Ta ló gbà wọ́n?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi náà wò ó. Yẹ̀pẹ̀ pupa wà níbẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo ní, "Ta ló dí ọ̀nà?"

"Ọ̀nà wo?"

"Ọ̀nà yìí! Ọ̀nà tí mo dúró sí! Ọ̀nà tó o pè mí lórí ẹ̀, tó o ní ìkà ló dí i!"

Ó wẹ̀yìn, ó rí kánópì, ó rí bẹ́ǹṣì, ó tún wò mí. Mo fi Ọlọ́run búra, ìṣẹ́jú yẹn ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ohun tó sì bí mi nínú jù nìyẹn. Ìbá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, màá rí ẹni bínú sí.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkú ìyá wa ni! Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ilé ọ̀tún ṣe é fún ìkómọ, ilé òsì ṣe é fún òkú bàbá wọn. Ṣé tiwa ló wá yẹ kó kéré? Kí wọ́n máa sọ pé a sin ìyá wa sínú kọ̀rọ̀?"

"Inú kọ̀rọ̀ ni o sin wọ́n sí! Inú kọ̀rọ̀ èmi ọmọ wọn!"

Àbúrò ìyá wa, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, dìde lábẹ́ kánópì. "Ọmọ mi, rọra. A kì í fi ìbínú sin òkú. Èèyàn ń wò wá."

Mo ní, "Kí wọ́n máa wò wá, Bàbá. Kò síbi tí wọ́n ń lọ. Àwa la dá wọn dúró."

Mo gba àgbá náà mú, mo yí i sínú gọ́tà. Mo wọ́ bẹ́ǹṣì kan, ẹni tó jókòó lé e dìde kí ó má bàa ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn kánópì. Àwọn ọ̀dọ́ ilé fẹ́ dì mí mú, àbúrò mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Kánópì àkọ́kọ́ tẹ̀, ó bo àwọn ìyá mọ́sáláṣí lórí, wọ́n ń pariwo Allahu Akbar lábẹ́ rẹ̀. Mi ò dúró. Nígbà tí àárín títì là, ọkọ̀ omi yẹn ló kọ́kọ́ kọjá. Awakọ̀ rẹ̀ fi ẹ̀pà tó kù sẹ́nu, kò dúpẹ́, kò bú wa.

Ọkọ̀ ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Níkẹyìn ni máíkírà kan dé, ewé dongoyárò abẹ́ wáípà rẹ̀ ti rọ. Awakọ̀ mi dúró.

"Bàbá! Ṣé ẹ bá wọn?"

Mo mi orí.

Obìnrin ẹlẹ́ja yọ orí síta láti ẹ̀yìn. Ó wo kánópì tó wó, ó wo okùn ọwọ́ mi, ó wo àwọn tó jókòó. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀díẹ̀.

"Háà. Bàbá. Ilé yín ni?"

"Ilé wa ni."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Mo dá a padà o! Mo dá ọ̀rọ̀ mi padà!"

"Ìyá, ẹ má dá nǹkan kan padà. Ó ti ṣẹ."

Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn fọn fèrè. Wọ́n ní láti lọ. Omi ẹja fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀dà, láti iwájú ilé wa lọ sí Challenge, oòrùn sì lá a gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bu yẹ̀pẹ̀ dà sórí òkìtì tí wọ́n ti dà tán. Mo na ọwọ́ méjèèjì lé e. Kò jọ nǹkan kan. Yẹ̀pẹ̀ gbígbóná ni.

Ọjọ́ kẹjọ ni fìdáù. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kánópì ò ní kan ọ̀dà títì.

Ó ní, "Ṣé inú gọ́tà la máa fi àwọn àlejò sí?"

Mo ní, "Tó bá jẹ́ inú gọ́tà ni, èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Ó bínú, ó ní mo ti fi ìyá òun ṣe ẹjọ́ ìjọba. Òun náà ń sunkún, mo mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á, kì í sì í wò mí lójú láti ìgbà yẹn, bí ẹni tó jẹ oúnjẹ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta kánópì kan ṣoṣo sínú ọgbà, ìdajì rẹ̀ bo sàréè. Àlejò há mọ́ra wọn bí ìrèké nínú ìdì. Àwọn kan jókòó sórí fẹ́ǹsì. Ìyàwó àbúrò mi sọ fún àwọn èèyàn pé orí èmi ò pé.

Èmi ò wọlé. Láti ìgbà tí Àáfà ti bẹ̀rẹ̀ kéwú ni mo dúró sójú títì níwájú ilé, mo mú áńkáṣíìfù lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ páàkì ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó gbé e lọ sí pápá ilé ìwé. Wọ́n bú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní, "Ẹ wá wo yẹ́lò fífà tó ń darí ọkọ̀ fún ẹbí wa o!" Àwọn tó wà lórí fẹ́ǹsì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín. Ilé òsì ti ń kó irin kánópì jáde fún ìkómọ tiwọn lọ́jọ́ kejì, mo ń wò wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ ṣì wà bẹ́ẹ̀ ní Ring Road, ewúrẹ́ ṣì ń jẹ koríko rẹ̀. Inú mi ò rọ̀. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé ó rọ̀ á pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi àdúrà nínú ilé, ọkọ̀ kan yọ láti ọ̀nà Ring Road, ó tan iná lọ́sàn-án, ó há ewé síwájú. Kòrópe méjì àti kẹ̀kẹ́ máruwá kan dí i lọ́nà. Àwọn èèyàn ti ń kẹ́gàn rẹ̀. Mi ò rí inú ọkọ̀ náà dáadáa. Ó lè jẹ́ òkú ló bá rìn, ó lè jẹ́ ìyàwó, ó lè jẹ́ ẹni tí ebi ń pa tó ń sáré lọ jẹun.

Mi ò béèrè. Mo bọ́ sí àárín títì, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo dá àwọn kòrópe dúró, mo lé kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Láti inú ilé, mo gbọ́ tí gbogbo ẹbí mi ń ṣe Àmín. Mo mú un kọjá.